Ẹkún Ìparí Eré: Àgbéyẹ̀wò Apá Ìkẹyìn "Babylon 5"

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tí ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ kì í fẹ́ dáhùn tààrà. Ìbéèrè náà ni pé: ǹjẹ́ ó bójú mu kí àgbàlagbà sunkún nítorí ẹni tí kò sí láyé rí? Bí ọmọdé bá ń sunkún nídìí àlọ́ nítorí ìyà tí wọ́n fi jẹ Ìjàpá, a ó rẹ́rìn-ín, a ó sì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, tí ó sì ní ọmọ nílé, bá jókòó ti ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán rẹ̀ lálẹ́, tí omi ń dà lójú rẹ̀ nítorí pé ọ̀gágun kan tí òǹkọ̀wé fi ọgbọ́n orí dá ń dágbére fún aya rẹ̀ ní ọdún 2281 tí kò tíì dé, ẹ̀rín tí àwọn aládùúgbò yóò rín kò ní jẹ́ ẹ̀rín ìfẹ́. Wọn yóò ní kò rí nǹkan ṣe ni.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí fún àwọn olólùfẹ́ Babylon 5, eré àròsọ onísáyẹ́ǹsì kan tí ó parí lórí amóhùnmáwòrán Amẹ́ríkà ní alẹ́ ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 1998. Apá ìkẹyìn náà ń jẹ́ Sleeping in Light, èyí tí a lè pè ní "Sísùn nínú Ìmọ́lẹ̀". Títí di òní, àwọn tí wọ́n wo eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin a máa sọ ọ́ láìtijú pé àwọn sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà, àti pé bí àwọn bá tún un wò, àwọn a tún sun ún. Ohun tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò ni irú ẹkún tí ó jẹ́. Kì í ṣe àìlera ọkàn, kì í sì í ṣe pé òǹkọ̀wé fi ẹ̀tàn fa omijé lójú ènìyàn. Ìdájọ́ ni. Ẹni tí ó sun ún ń jẹ́rìí pé iṣẹ́ ọnà kan ṣe ìlérí fún òun, ó sì mú ìlérí náà ṣẹ.

Fún àǹfààní ẹni tí kò mọ eré náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí ó ti rí. J. Michael Straczynski, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó dá a sílẹ̀. Fíìmù tí ó ṣíde rẹ̀ jáde ní oṣù kejì ọdún 1993. Eré náà gan-an sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994. Ọdún 5 ni a pín in sí, apá 22 sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí àpapọ̀ rẹ̀ fi jẹ́ apá 110. Straczynski fúnra rẹ̀ ni ó kọ 92 nínú wọn. Orúkọ ibùdó ńlá kan tí a kọ́ sí ojú òfuurufú ni Babylon 5 í ṣe. Gígùn rẹ̀ tó máìlì 5, àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ sì tó 250,000, àtènìyàn àti àwọn ẹ̀dá láti ayé mìíràn. Lẹ́yìn ogun búburú kan láàárín àwọn ènìyàn ayé àti àwọn Minbari ni wọ́n kọ́ ọ, kí ó lè dà bí ọjà ẹnubodè tí ọ̀tá àti ọ̀rẹ́ ti lè pàdé, kí wọ́n ná ọjà, kí wọ́n sì parí ìjà láìyọ idà. Mẹ́rin ti ṣáájú rẹ̀: ọwọ́ ọ̀tẹ̀ ba mẹ́ta jẹ́, ìkẹrin sì pòórá láàárín wákàtí 24 tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ìkarùn-ún ni ìrètí ìkẹyìn.

Ohun kan mú eré yìí yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìgbà náà. Nínú àwọn eré onísáyẹ́ǹsì tí Amẹ́ríkà mọ̀ jùlọ, apá kọ̀ọ̀kan dá dúró bí ẹyọ àlọ́. Ọ̀gá ọkọ̀ òfuurufú a gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ àjèjì, a yanjú ọ̀ràn, a kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, kò sí ẹni tí ó tún rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Straczynski kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti sọ ọ́ ní gbangba pé ìtàn kan ṣoṣo ni òun fẹ́ sọ, pé yóò gba ọdún 5, pé yóò ní orí, yóò ní àárín, yóò sì ní ìdí. Bí ọmọ ọdún 12 bá bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó ní ọdún 1994, yóò ti pé ọmọ ọdún 16 kí ó tó gbọ́ òpin rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé ẹkún ìparí kò ṣeé lóye bí a kò bá ka iye ọdún tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìtàn apá ìkẹyìn kò gùn. John Sheridan, tí Bruce Boxleitner ṣe, ni ó ti jẹ́ olórí ibùdó náà, tí ó sì ti ṣe akọni nínú ogun tí wọ́n bá àwọn ẹ̀dá tí à ń pè ní Òjìji jà. Ó ti kú lẹ́ẹ̀kan rí nínú ogun náà ní ibi kan tí ń jẹ́ Z'ha'dum. Lorien, ẹ̀dá tí ó dàgbà ju gbogbo ẹ̀dá lọ, ni ó dá ẹ̀mí rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ẹ̀mí tí ó fún un ní òṣùwọ̀n: kò lè ju ogún ọdún lọ. Nígbà tí apá ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀, ogún ọdún náà ti pé. Sheridan mọ̀ ọ́n lára. Ó rán àwọn oníṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti fọ́n káàkiri: Ivanova tí ó ti di ọ̀gágun, Garibaldi tí ó ti di olówó ní Mars, oníṣègùn Franklin, àti Vir tí ó ti di ọba lórí àwọn Centauri. Wọ́n wá sí ilé rẹ̀, níbi tí òun àti Delenn aya rẹ̀ ń gbé lórí ilẹ̀ Minbar. Wọ́n jẹun pọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ife sókè, wọ́n sì dárúkọ àwọn tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, Sheridan dìde. Delenn, tí Mira Furlan ṣe, fẹ́ bá a lọ, ṣùgbọ́n ìrìn àdálọ ni. Wọ́n dágbére fún ara wọn. Ó wọ ọkọ̀, ó yà sí ibùdó àtijọ́ láti wò ó fún ìgbà ìkẹyìn, ó sì bá a pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, nítorí pé wọ́n ti fẹ́ pa á tì. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ibi tí wọ́n ti ja ìjà ìkẹyìn nínú ogun Òjìji. Níbẹ̀ ni Lorien ti wá pàdé rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì gbà á. Ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí. Wọn kò rí òkú. Lẹ́yìn èyí, wọ́n tú ibùdó náà ká. Ọkùnrin kan wọlé, ó wo yíká, ó pa iná, ó sì jáde. Wọ́n fi àdó olóró fọ́ ibùdó náà túútúú níṣojú àwọn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Delenn ní tirẹ̀, ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan títí ọjọ́ ayé rẹ̀ fi pé, a máa jókòó wo bí oòrùn ti ń yọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dáhùn kíákíá yóò sọ pé ikú akọni ni ó fa ẹkún. Ìdáhùn náà kò tó. Ikú pọ̀ nínú eré onísáyẹ́ǹsì, kò sì sí iṣẹ́ tí ó rọrùn fún òǹkọ̀wé ju kí ó pa ẹni tí a fẹ́ràn lọ. A lè fi àpẹẹrẹ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìwọ̀n. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá ọdún 1981, tí Kérésìmesì ku ọjọ́ mẹ́rin péré, BBC gbé apá ìkẹyìn eré Blake's 7 jáde. Nínú apá náà ni Blake, tí a fi orúkọ rẹ̀ pe eré, ti kú láti ọwọ́ Avon ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí àṣìgbọ́, tí ìbọn àwọn ọmọ ogun sì dá àwọn ìyókù wólẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn òǹwòran tí wọ́n rí i kò gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ní lọ́jọ́ náà, ìjayà ni. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń rìn lójú ọ̀nà, tí òkúta já lù ú. A kò sọ pé òpin bẹ́ẹ̀ kò dára; ó bá ìtàn tí kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni mu. Ṣùgbọ́n ẹkún ìjayà yàtọ̀ sí ẹkún tí ènìyàn ti mọ̀ pé òun yóò sun.

Ìyàtọ̀ náà nìyí. Ní ìparí ọdún 1996, nígbà tí eré wà ní ọdún kẹrin rẹ̀, Sheridan sọ fún Delenn pé ogún ọdún péré ni ó kù fún òun. Láti ìgbà náà ni òǹwòran pẹ̀lú ti mọ̀. Fún nǹkan bí ọdún méjì, kò sí ìgbà tí Sheridan rẹ́rìn-ín, tí ó bínú, tàbí tí ó gbé Delenn ní ìyàwó, tí olólùfẹ́ eré kò máa ka ọjọ́ lọ́kàn ara rẹ̀. Kò sì jẹ́ pé ọ̀nà yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí Sheridan. Ní apá àkọ́kọ́ ọdún kìn-ín-ní, Londo, ikọ̀ àwọn Centauri, ti sọ àlá tí ó lá nípa ikú ara rẹ̀: pé òun àti G'Kar, ikọ̀ àwọn Narn, yóò di ara wọn lọ́rùn mú títí àwọn méjèèjì yóò fi kú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1996 ni eré fi ikú náà han òǹwòran bí Londo ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ti yí padà pátápátá. Ohun tí a rò pé ìkórìíra yóò ṣe, àánú ni ó ṣe é: Londo fúnra rẹ̀ ni ó bẹ G'Kar pé kí ó pa òun, kí àwọn ọ̀rẹ́ wọn lè bọ́.

Láti ìgbà náà ni eré ti kọ́ òǹwòran rẹ̀ bí a ṣe ń gbọ́ ìtàn. Kì í fi òpin pamọ́. A sọ òpin fún ọ, a sì ní kí o máa wo bí ẹsẹ̀ yóò ti dé ibẹ̀. Òwe Yorùbá ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Níhìn-ín, àgbọ́tẹ́lẹ̀ kò mú kí ogun má dé. Ó dé, ó bá arọ níbi tí ó jókòó sí, ṣùgbọ́n ó bá a pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ó bá a pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yí i ká, ó sì bá a pẹ̀lú ilé tí ó ti tún ṣe. Ohun tí àgbọ́tẹ́lẹ̀ fún Sheridan nìyẹn, ohun kan náà ni ó sì fún òǹwòran. Kò gba ìyà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fún un ní àyè láti múra.

Yorùbá ní irú ẹkún yìí nínú àṣà wọn, òun náà ni a lè fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti agbègbè rẹ̀, ọmọge tí ń lọ sí ilé ọkọ a máa sun ẹkún ìyàwó. Kò sí ẹni tí ó kú. Ọkùnrin tí ó ń lọ bá, ó lè jẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ yàn. Síbẹ̀ a retí kí ó sunkún, a sì ń retí kí ẹkún náà ní ọ̀rọ̀ nínú: kí ó dárúkọ ìyá tí ó bí i, kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, kí ó dágbére fún àwọn ọmọge ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó tọrọ ìre. Ẹkún náà jẹ́ ọ̀nà tí ó fi ń san gbèsè ilé tí ó tọ́ ọ dàgbà. Bí ìyàwó bá jáde kúrò nílé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ojú gbígbẹ, àwọn ènìyàn kò ní sọ pé onígboyà ni. Wọn yóò béèrè bóyá ilé náà dára fún un.

Bí a bá fi ojú yìí wo olólùfẹ́ Babylon 5, a ó rí i pé ẹkún rẹ̀ kò jìnnà sí èyí. Ilé ni ó ń fi sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́wàá ni ó fi ń wọ ilé náà, tí ó mọ ohùn àwọn tí ń gbé inú rẹ̀, tí ó mọ ẹni tí ń parọ́ àti ẹni tí kò lè parọ́. Àkókò tí ó fi wò ó, ìgbà ayé tirẹ̀ gan-an ni: bóyá ìgbà náà ni ó jáde ilé-ìwé, bóyá ìgbà náà ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ ń jókòó wò ó kí ẹ̀gbọ́n tó kó lọ sí ìlú mìíràn. Àwọn tí ó ń sunkún lé lórí kò sí láyé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọdún wọ̀nyí wà, wọ́n sì ti lọ. Ẹni tí ó bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kò tíì bi í léèrè ohun tí ó ń sunkún lé lórí.

Alátakò kan lè sọ pé orin Christopher Franke àti ìmọ́lẹ̀ wúrà tí olùdarí fi kún ojú àwòrán ni ó fa omijé náà, gẹ́gẹ́ bí àlùbọ́sà ti ń fà á lójú ẹni tí inú rẹ̀ kò bàjẹ́. Ọ̀nà kan wà tí a fi lè dán èyí wò. Ẹ mú ẹni tí kò wo ìkankan rí nínú apá 109 tí ó ṣáájú, kí ẹ jẹ́ kí ó wo ìkẹyìn yìí nìkan. Yóò gbọ́ orin kan náà, yóò rí ìmọ́lẹ̀ kan náà. Ohun tí yóò rí ni àwọn àgbàlagbà mẹ́fà tí ń jẹun, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí kò mọ̀. Bí a bá dárúkọ Marcus, kò ní mọ̀ pé Marcus fẹ́ràn Ivanova, pé ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ra ẹ̀mí rẹ̀ padà. Kò sì ní mọ ìdí tí ó fi jẹ́ pé Ivanova gan-an ni ó dárúkọ náà. Orin lè ran ẹkún lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè bí i. Apá 109 ni ó bí i.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jùlọ wà nínú apá náà fúnra rẹ̀. Vir sọ ìtàn kan nípa Londo. Londo tí à ń wí yìí ni ó bá àwọn Òjìji dá májẹ̀mú nítorí ògo ilẹ̀ rẹ̀, tí a fi pa àwọn Narn láìlóǹkà. Òpin rẹ̀ sì burú. Vir ní lọ́jọ́ kan, Londo gbọ́ orin àwọn pak'ma'ra. Àwọn pak'ma'ra ni ẹ̀dá tí ń jẹ òkúǹbete, tí òórùn wọn kò dára, tí kò sí ẹni tí ó fẹ́ jókòó tì wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọrin, omijé bọ́ lójú Londo. Ó ní àwọn òrìṣà ilẹ̀ òun jẹ́ 49, òun kò sì gba ìkankan nínú wọn gbọ́ rí, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo wà nínú wọn, irú ohùn yìí ni yóò fi máa kọrin. Vir wá sọ pé pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀, àárò rẹ̀ ń sọ òun.

Ìtàn kékeré yìí ni ọkàn gbogbo apá ìkẹyìn náà. Ó fi hàn wá pé ẹkún lè bá ènìyàn láti ibi tí kò retí, nítorí ohun tí ó ti kẹ́gàn rí, àti pé ẹkún bẹ́ẹ̀ kò dín ènìyàn kù. Ní ti Londo, ó wà lára ohun díẹ̀ tí ó gbé e níyì. Òǹkọ̀wé kò sọ fún òǹwòran pé kí ó sunkún. Ó fi ẹlẹ́kún kan hàn án, ó sì jẹ́ kí a rí i pé ẹni tí ó sọ ìtàn náà kò fi í ṣẹ̀sín. Lẹ́yìn ìgbà náà, ẹni tí ó ń tijú omijé ara rẹ̀ nílé kò ní ìdí láti tijú mọ́.

Ohun kejì tí ó jinlẹ̀ ni ti ọkùnrin tí ó pa iná. Straczynski fúnra rẹ̀ ni. Òun ni ó kọ apá náà, òun ni ó darí rẹ̀, òun náà ni ó sì wọlé pẹ̀lú aṣọ òṣìṣẹ́ láti pa iná ilé tí ó kọ́. Àwọn kan lè pe èyí ní àṣehàn. Bí ó bá jẹ́ pé ó sọ̀rọ̀ ni, ìbá jẹ́ àṣehàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun. Àkókò díẹ̀ ni ó lò, ẹni tí kò mọ ojú rẹ̀ kò sì ní mọ̀ pé ohun kan ṣẹlẹ̀. Fún olólùfẹ́ eré tí ó mọ̀ ọ́n, ó jẹ́ ìdágbére láàárín ẹni tí ó ni ilé àti àlejò rẹ̀ tí ó kẹ́yìn.

Èyí kò sọ pé apá náà kò ní àbùkù. Àbùkù rẹ̀ méjì tó ohun tí aláríwísí kò gbọdọ̀ fojú fò. Èkíní wá láti inú ọ̀ràn òwò. Ní ọdún 1997, ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán tí ń gbé eré náà jáde ń kógbá sílé, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá ọdún karùn-ún yóò wà. Nítorí náà ni wọ́n fi ya àwòrán Sleeping in Light mọ́ àwọn apá ọdún kẹrin, kí ìtàn má baà kú láìní ìdí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ TNT gba eré náà tí ọdún karùn-ún sì dé, wọ́n fi apá náà pamọ́, wọ́n ya òmíràn dípò rẹ̀ láti fi parí ọdún kẹrin, wọ́n sì gbé e jáde nígbẹ̀yìn gbogbo. Ọlá èyí ni a fi rí Ivanova níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Claudia Christian tí ó ṣe é ti fi eré sílẹ̀ kí ọdún karùn-ún tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyà rẹ̀ ni pé Lochley, tí ó jẹ́ olórí ibùdó ní gbogbo ọdún karùn-ún, kò sí níbẹ̀ rárá, ẹnikẹ́ni kò sì dárúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé ife sókè. Ẹni tí ó fi ọdún kan gbáko mọ obìnrin náà yóò ṣàkíyèsí àyè rẹ̀ tí ó ṣófo.

Àbùkù kejì wúwo ju èyí lọ, kò sì sí ọ̀ràn òwò tí a lè dì í rù. Sheridan àti Delenn ní ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ David. A kò rí David nínú apá ìkẹyìn náà. Bàbá mọ ọjọ́ ikú rẹ̀, ó ránṣẹ́ pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìpẹ̀kun òfuurufú, wọ́n sì dé. Ṣùgbọ́n òǹwòran kò rí ọjọ́ tí ó pe ọmọ rẹ̀ jókòó. Òǹkàwé Yorùbá kò ní lè gba èyí mọ́ra. Bí àgbàlagbà bá mọ̀ pé òun ń lọ, ọmọ ni a kọ́kọ́ ń pè, torí pé òun ni a ń fi ilé lé lọ́wọ́. Òótọ́ ni pé Ivanova gba ipò olórí àwọn jagunjagun Ranger, èyí sì jẹ́ irú ogún kan. Ṣùgbọ́n ogún iṣẹ́ kì í ṣe ogún ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ta péré fún bàbá àti ọmọ, apá náà kì bá ti bàjẹ́. Ìbá tún jinlẹ̀ sí i.

Síbẹ̀, àbùkù wọ̀nyí kò mú ẹkún náà di ti asán, nítorí pé wọn kò kan ìlérí tí eré ṣe. Ìlérí náà ni pé ogún ọdún yóò pé, pé Sheridan yóò lọ, pé a kò ní fi idán kankan gbà á padà. Ó wà lọ́wọ́ Straczynski láti yẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó lè dá òkú padà ní ọdún kẹrin lè fi kún ọjọ́ rẹ̀ bí ó bá wù ú, inú ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ìbá sì dùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Sheridan tilẹ̀ bi Lorien léèrè bóyá òun lè padà wá. Èsì náà ni pé kò lè padà. Nínú èsì yẹn ni iyì gbogbo iṣẹ́ náà wà. Bí Lorien bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ìgbà tí òǹwòran ti fi ka ọjọ́ fún ọdún méjì yóò di ìyànjẹ.

Àkókò sì ti fi ohun kan kún apá yìí tí òǹkọ̀wé kò fi síbẹ̀. Àwọn mẹ́fà ni wọ́n jókòó sídìí tábìlì náà. Richard Biggs tí ó ṣe Franklin kú ní ọdún 2004. Jerry Doyle tí ó ṣe Garibaldi kú ní ọdún 2016. Stephen Furst tí ó ṣe Vir kú ní ọdún 2017. Mira Furlan tí ó ṣe Delenn kú ní ọdún 2021. Andreas Katsulas, tí ó ṣe G'Kar tí wọ́n dárúkọ lórí ife, ti kú láti ọdún 2006. Nígbà tí olólùfẹ́ eré bá tún wo oúnjẹ alẹ́ náà lónìí, mẹ́rin nínú àwọn mẹ́fà tí ń dárúkọ àwọn tí kò sí ni àwọn fúnra wọn kò sí mọ́. Delenn tí ó yẹ kí ó ṣẹ́kù, tí yóò máa wo oòrùn ní òwúrọ̀, ẹni tí ó yá a ní ara ti ṣáájú. Ohun tí ó jẹ́ àròsọ ní ọdún 1998 ti di òótọ́ nípa àwọn tí ó ṣe é, ẹni tí ó ń wò ó kò sì lè ya ẹkún àròsọ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹkún òótọ́ mọ́.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú èyí fún olùkọ́ lítíréṣọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ pé ìwé kan tàbí eré kan pa òun lẹ́kún, kò yẹ kí a fi ẹ̀rín dá a lóhùn, kò sì yẹ kí a kàn gbà pé ìwé náà dára nítorí pé ó sunkún. Kí a bi í léèrè nǹkan mẹ́ta. Èkíní: ǹjẹ́ o ti mọ̀ pé ohun tí ó pa ọ́ lẹ́kún ń bọ̀, tàbí ó já lù ọ́ lójijì? Èkejì: ẹni tí kò ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ǹjẹ́ òun náà lè sun ún? Ẹ̀kẹta: kí ni òǹkọ̀wé ìbá ti ṣe tí ìbá fi gbà ọ́ lọ́wọ́ ẹkún náà, kí sì ni ìbá bàjẹ́ bí ó bá ṣe é? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí ti ń ṣe iṣẹ́ aláríwísí, ìbáà jẹ́ pé ojú rẹ̀ kò tíì gbẹ. Lórí Sleeping in Light, olólùfẹ́ Babylon 5 lè dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi apá kọ̀ọ̀kan eré náà ṣe ẹ̀rí.